Owó Sìgá, Owó Tẹ́tẹ́: Bí Tẹ́tẹ́ Ṣe Wọ Tẹ́nìs Àwọn Obìnrin

Bí bọ́ọ̀lù Yúróòpù bá ti parí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí kò sí eré mìíràn tí onítẹ́tẹ́ lè fi kún tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tẹ́nìs ló kù. Kò sí wákàtí tí obìnrin méjì kan kì í fi rákẹ́ẹ̀tì kojú ara wọn níbì kan láyé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi owó lé wọn lórí fóònù kò jókòó wo eré wọn rí. Wọ́n mọ orúkọ, wọ́n mọ ọ́ọ̀dù, ìyẹn iye tí ilé tẹ́tẹ́ máa fi san èrè, ó tán. Bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, owó iṣẹ́ àwọn obìnrin náà ni mo sì máa fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ṣáájú tẹ́tẹ́.

Ọdún 1968 ni àwọn ìdíje ńlá inú tẹ́nìs ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ń fi eré náà jẹun. Kó tó dìgbà náà, ẹni tó bá ń gbowó kò gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní Wimbledon, ìdíje ńlá ti London. Lọ́dún tí wọ́n ṣílẹ̀kùn yìí, Rod Laver gba ife àwọn ọkùnrin ní Wimbledon, wọ́n fún un ní £2,000. Billie Jean King gba ti àwọn obìnrin, wọ́n fún un ní £750. Ó tún wá burú sí i lọ́dún 1970. Níbi ìdíje kan ní Los Angeles tí Jack Kramer ń darí, $12,500 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọkùnrin tó bá borí, $1,500 sì ni ti obìnrin.

Obìnrin mẹ́sàn-án ní àwọn ò gbà. Gladys Heldman, tó ń tẹ ìwé ìròyìn tẹ́nìs jáde, bá wọn ṣètò ìdíje tiwọn ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1970, wọ́n fọwọ́ síwèé àdéhùn pẹ̀lú rẹ̀, dọ́là kan péré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹgbẹ́ tẹ́nìs Amẹ́ríkà fòfin dè wọ́n. Rosie Casals ló gba ife náà. Ibo lowó ìdíje ti wá? Ọ̀dọ̀ àwọn onísìgá ni. Joe Cullman, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Philip Morris, ló fi orúkọ Virginia Slims, sìgá tí wọ́n ń polówó fún àwọn obìnrin, sára ìdíje wọn, ó sì nawó sí i. Nígbà tó fi máa di ọdún 1971, King ti di obìnrin eléré ìdárayá àkọ́kọ́ tó rí ju $100,000 lọ láàárín ọdún kan.

Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ sìgá yìí nítorí pé ó sọ bí ọjà náà ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó lówó tó mọ́ lọ́wọ́ kò nawọ́ sí àwọn obìnrin wọ̀nyí, ẹni tí ìjọba ti ń ká lọ́wọ́ kò lórí ìpolówó ló nawọ́ sí wọn. A máa tún rí irú rẹ̀ níwájú.

Tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀ wọlé lọ́dún 1973, Bobby Riggs ló sì fà á wọlé. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọmọ àná nídìí tẹ́nìs. Ní Wimbledon ọdún 1939, ife mẹ́ta ló gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ti ẹni méjì-méjì, àti ti takọtabo tóun àti Alice Marble jọ gbá. Ìtàn tó máa ń sọ ni pé kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀, òun lọ bá àwọn tó ń gba tẹ́tẹ́ ní London, òun fowó lé ara òun pé òun á gba ife kìíní. Bóun bá gbà á, kí wọ́n kó èrè rẹ̀ lé ìkejì, kí èrè ìkejì sì tún gorí ìkẹta. Ẹni tó bá ti ṣe tíkẹ́ẹ̀tì eléré púpọ̀ rí mọ bó ṣe máa ń rí: ibì kan ló máa já, gbogbo rẹ̀ á sì wọmi. Ti Riggs kò já. Ó ní $108,000 lòun kó nílẹ̀. Èmi a máa rántí Alice Marble nínú ìtàn yẹn. Bí obìnrin náà bá gbá ìgbákúgbà lọ́jọ́ àṣekágbá, asán ni gbogbo ọgbọ́n tẹ́tẹ́ Riggs ì bá já sí.

Nígbà tí Riggs di ẹni ọdún 55, ó ń pariwo kiri pé kò sí obìnrin tó lè na àgbàlagbà bíi tòun. King ò dá a lóhùn. Margaret Court, òun náà àgbà eléré tẹ́nìs, ló gbà, Riggs sì nà án ní 6–2, 6–1 ní Ramona, ní California, ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1973, tó bọ́ sí àyájọ́ àwọn ìyá ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ náà wá di dandan fún King. Lóṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, ó ti kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sí hòtẹ́ẹ̀lì Gloucester ní London, wọ́n sì ti dá WTA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń fi tẹ́nìs jẹun, sílẹ̀. US Open, ìdíje ńlá ti Amẹ́ríkà, náà sì gbà láti máa san iye kan náà fún ọkùnrin àti obìnrin. Bí King bá lọ fìdí rẹmi lọ́wọ́ Riggs, ẹnu àwọn alátakò á tún gbòòrò.

Ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n pàdé, ní pápá ìṣeré Astrodome, nílùú Houston yẹn náà. Òǹwòran 30,472 ló jókòó síbẹ̀, wọ́n sì fojú bù ú pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 90 ènìyàn ló wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n káàkiri ayé. Ẹni tó bá borí ló máa kó gbogbo $100,000. Ní Las Vegas, níbi tí tẹ́tẹ́ ti bófin mu láti ọdún 1931, Riggs ni wọ́n fi ṣe ẹni tó máa borí. Jimmy Snyder, ẹni tí wọ́n mọ̀ jù lọ nídìí ọ́ọ̀dù nígbà náà, ní àwọn tó fẹ́ fowó lé King ṣọ̀wọ́n. King na Riggs ní 6–4, 6–3, 6–3. Lójú tèmi, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni obìnrin tó ń gbá tẹ́nìs kọ́kọ́ di ọjà gidi níwájú àwọn onítẹ́tẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ló sì lòdì sí i.

Ìfura náà kò sì pẹ́ kó tó dé. Láti ìgbà yẹn làwọn kan ti ń sọ pé Riggs ló mọ̀ọ́mọ̀ fi eré sílẹ̀. Ní ọdún 2013, nígbà tí Riggs ti kú láti ọdún 1995, ọkùnrin kan jáde sọ pé gbèsè tẹ́tẹ́ tó jẹ àwọn Máfíà ló fi eré náà san. King ní irọ́ ni, pé òun tóun wà níwájú rẹ̀ mọ̀ pé ó fẹ́ borí. Ẹ̀rí tó lè fìdí ẹ̀sùn náà múlẹ̀ kò tíì jáde.

Lẹ́yìn ariwo yẹn, ilẹ̀ pa rọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1961 ni wọ́n ti ṣí àwọn ilé tẹ́tẹ́ tó gbàwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ẹṣin, ajá àti bọ́ọ̀lù ló kún ibẹ̀. Bọ́ọ̀lù wọn yẹn náà làwọn bàbá wa ń fi ta pùúlù níbí. Bí Wimbledon bá dé, wọ́n á gbé ọ́ọ̀dù tẹ́nìs jáde, bó bá tán, wọ́n á ká a kúrò. Ti àwọn obìnrin kò tilẹ̀ dùn ún ta. Lọ́dún 1983, Martina Navratilova gbá eré 87, ẹyọ kan péré ló pàdánù, ìyẹn èyí tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Kathy Horvath nà án ní Paris. Ta ló fẹ́ gba tẹ́tẹ́ lórí irú obìnrin bẹ́ẹ̀? Èrè ẹni tó bá fowó lé e kò ní tó owó mọ́tò tó fi dé ilé tẹ́tẹ́.

Íntánẹ́ẹ̀tì ló tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Lọ́dún 2000, Andrew Black àti Edward Wray dá Betfair sílẹ̀ ní London. Níbẹ̀, onítẹ́tẹ́ kan ń bá onítẹ́tẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta á ni. Ìwọ ní obìnrin yìí á borí, ẹlòmíràn ní kò lè borí, ilé iṣẹ́ náà á sì gba kọmíṣọ́ọ̀nù tiẹ̀ nínú èrè ẹni tó jẹ. Wọ́n sì ń ta á lọ bí eré ṣe ń lọ lọ́wọ́. Àfi bíi pé wọ́n dá tẹ́nìs sílẹ̀ fún irú ọjà bẹ́ẹ̀. Eré náà kò ní ọ̀mì: ẹnì kan gbọ́dọ̀ borí. Láàárín bọ́ọ̀lù kan sí èkejì, ẹni tó ń gbá a ń sinmi díẹ̀, àyè ìsinmi yẹn sì tó fún onítẹ́tẹ́ láti tẹ fóònù. Ìdíje ń lọ láti oṣù Kìíní títí dé oṣù Kọkànlá.

Ti àwọn obìnrin wá yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ọkùnrin, ìyàtọ̀ yẹn ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ta ń wá. Nínú àwọn ìdíje ńlá mẹ́rin, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni ọkùnrin gbọ́dọ̀ jẹ kó tó borí, obìnrin jẹ méjì. Ẹni tó dáńtọ́ tó sì bẹ̀rẹ̀ eré pẹ̀lú ara tó wúwo kò ní àkókò púpọ̀ láti tún un ṣe. Ẹni tó ń sáfù, ìyẹn ẹni tó ń kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, láàárín àwọn obìnrin tún máa ń pàdánù géèmù rẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ, nítorí náà ọ́ọ̀dù á máa lọ, á máa bọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015 ní New York, eré méjì ló kù kí Serena Williams kó gbogbo ife ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọdún náà. Roberta Vinci, ọmọ Ítálì tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, ló bá pàdé. Serena jẹ sẹ́ẹ̀tì kìíní ní 6–2. Ẹni tó bá fowó lé e lásìkò yẹn ti ń ṣírò èrè rẹ̀ lọ́kàn. Vinci gba sẹ́ẹ̀tì méjì tó kù ní 6–4, 6–4.

Ohun mìíràn tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni kí eléré fi eré sílẹ̀ láàárín nítorí ìfarapa. Ilé tẹ́tẹ́ kan á ní bí sẹ́ẹ̀tì kan bá ti parí, tẹ́tẹ́ ti dúró, òmíràn á dá owó padà. Ẹni tí kò ka òfin ilé tó ń lò ló máa ń pariwo jù.

Àmọ́ ohun tó gbé tẹ́tẹ́ dé ìdíje kéékèèké ni tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ adájọ́ orí àga. Lọ́dún 2012, ITF, ẹgbẹ́ tẹ́nìs àgbáyé, bá ilé iṣẹ́ Sportradar ṣe àdéhùn láti máa ta àmì ayò àwọn ìdíje kéékèèké bó ṣe ń wọlé. Bí adájọ́ bá ti tẹ àmì, ilé tẹ́tẹ́ káàkiri ayé ti rí i. Nígbà tí wọ́n tún àdéhùn náà ṣe, $70 mílíọ̀nù ni iye tó jáde. Iye tí ìṣẹ́jú àáyá kan tó sì hàn ní Melbourne lóṣù Kìíní ọdún 2014, nígbà tí ọlọ́pàá mú ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó gbé ẹ̀rọ pamọ́ sínú ṣòkòtò, tó ń fi àmì ránṣẹ́ kí ti adájọ́ tó dé. Wọ́n padà fagi lé ẹjọ́ náà. Ẹ̀wẹ̀, àwọn adájọ́ kan fúnra wọn fà á sẹ́yìn: wọ́n á dúró díẹ̀ kí wọ́n tó tẹ àmì, kí àwọn ènìyàn wọn lè kọ́kọ́ ta tẹ́tẹ́. Wọ́n lé irú wọn dànù.

Ẹ wá wo ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà. Obìnrin tó bá pàdánù eré àkọ́kọ́ rẹ̀ níbi ìdíje tí gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ $15,000 kì í rí igba dọ́là mú lọ sílé, òun náà ló sì san owó bàálù àti hòtẹ́ẹ̀lì. Ìgbìmọ̀ olómìnira tí Adam Lewis darí, tó wádìí ìwà ìbàjẹ́ nínú tẹ́nìs, tó sì jábọ̀ lọ́dún 2018, ní nǹkan bí eléré 250 sí 350 péré ló ń rí owó tó ká ìnáwó rẹ̀, ká má tíì ka ti olùkọ́ mọ́ ọn. Nínú àwọn eléré tó lé ní 3,200 tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, 464 ló sọ pé àwọn fúnra àwọn mọ̀ nípa eré tí wọ́n tà, ìyẹn eré tí wọ́n ti fowó pinnu bó ṣe máa rí. Ìgbìmọ̀ náà ní kí wọ́n dẹ́kun títa àmì àwọn ìdíje tó kéré jù yìí. Dagmara Baskova, ọmọ Slovakia, gbà pé òun lọ́wọ́ nínú eré márùn-ún tí wọ́n tà, wọ́n sì fi òfin ọdún 12 dè é. Èmi ò gbè sẹ́yìn ẹni tó bá ta eré, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó owó ńlá jọ láti ara àmì ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ yó kò lè ṣe bí ẹni pé ó yà á lẹ́nu.

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fagi lé òfin tó fi tẹ́tẹ́ eré ìdárayá mọ sí ìpínlẹ̀ díẹ̀, ọjà náà tún fẹ̀ sí i. Èébú àwọn tó pàdánù tẹ́tẹ́ náà ń wọlé tọ àwọn eléré lórí fóònù wọn. Sloane Stephens ní ìránṣẹ́ èébú tó lé ní 2,000 lòun gbà lẹ́yìn eré kan tóun pàdánù ní US Open ọdún 2021. Ìwádìí tí WTA àti ITF gbé jáde fi hàn pé lọ́dún 2024, eléré 458 ni wọ́n kọ nǹkan bí 8,000 ìránṣẹ́ èébú sí, nínú rẹ̀ sì ni ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ti wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí tẹ́tẹ́ jẹ lówó. Àwọn kan ń fi ikú halẹ̀ mọ́ ìyá ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù síta.

Caroline Garcia, ọmọ Faransé, kó díẹ̀ nínú tirẹ̀ síta lọ́dún 2024 kí gbogbo ayé rí i, ó sì béèrè ìdí tí àwọn ìdíje fi ń gbowó ìpolówó lọ́wọ́ ilé tẹ́tẹ́. Lọ́dún 2025, ilé tẹ́tẹ́ kan fi $270,000 lọ̀ ọ́ láti polówó lórí ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tóun àti ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Wọ́n kọ̀ ọ́.