Alàjà-iná: orúkọ tó tọ́ sí ínsúlétọ̀ inú òfìfo

Wọ́n tún ti kọ "adènà-iná" síbì kan, wọ́n ní òun ni ínsúlétọ̀, ohun tí kì í jẹ́ kí iná gba ara rẹ̀ bọ́ síbòmíràn. Lórí òpó NẸ́PÀ, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Bóyá àwo tánńganran tó gbé wáyà háì-tẹ́ńṣàn dání ń dènà ni o, bóyá kò dènà, iná kò ṣáà bọ́ sára òpó. Ṣùgbọ́n kí èèyàn gbé orúkọ yìí wọ inú ẹ̀rọ amú-èérún-sáré, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná lé àwọn èérún inú átọ́ọ̀mù sáré, níbi tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ jáde tán tó fi di òfìfo, ìyẹn ni mi ò gbà.

Ẹni tó ń dènà, ojú ọ̀nà ló dúró sí. Nínú òfìfo, ara ẹni náà gan-an ni ọ̀nà. Iná kì í sábà la àárín rẹ̀ kọjá, awọ ara rẹ̀ ló ń tọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní alàjà-iná. Irin méjì kọjú síra wọn, ọ̀kan ru ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́ọ̀tì (volt), èkejì so mọ́lẹ̀, wọ́n sì fẹ́ gbá ara wọn mú. Ẹni tó bọ́ sí àárín wọn kì í ṣe ògiri. Alàjà ni, gbogbo ẹni tó bá sì ti la ìjà rí mọ̀ pé abẹ́ apá alàjà ni ẹni tínú ń bí máa ń gbà kọjá.

Wọ́n á ní "aláìgbaná" ńkọ́? Ohun tí nǹkan kì í ṣe nìyẹn ń sọ, kò sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Bàtà rọ́bà mi náà kì í gbaná. Ti ẹni tó wá pe òfìfo ní "òfuurufú" ló tún burú jù. Òfuurufú ni ẹyẹ ń fò. Ẹyẹ wo ló fẹ́ fò nínú àgbá tí kò sí afẹ́fẹ́?

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa rárá: ibi tí irin, alàjà àti òfìfo ti pàdé. Oríta mẹ́ta ni, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni àwọn onímọ̀ ń pè é lédè tiwọn náà. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń jókòó ní oríta kò ní bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, èérún tíntìntín tó ń gbé iná, já kúrò lára irin níbẹ̀, ó fò, ó gbá ara alàjà, ó lé méjì mẹ́ta jáde. Àwọn yẹn náà fò, wọ́n gbá a níwájú díẹ̀, wọ́n sì ń tú afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ. Inú afẹ́fẹ́ yẹn ni iná máa gbà kọjá, gbogbo fọ́ọ̀tì tí ẹ kó jọ á sì ṣòfò.

Ẹ rántí àká àgbàdo. Eku kì í la inú òpó àká gòkè, ara òpó ló ń gùn. Àgbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í torí eku wá òpó tó ga sí i, páànù ló máa fi yí ẹsẹ̀ àká ká. Eku gùn dé ibẹ̀, ó yọ̀, ó já bọ́. Alàjà onípele nìyẹn. Dípò odidi ike tàbí tánńganran kan, wọ́n to ike àti irin pẹlẹbẹ léra wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìpele ike kọ̀ọ̀kan kò tó mìlímítà kan, irin àárín wọn kò sì so mọ́ nǹkan kan. Àlàyé kan ni pé kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bí ọmọ rẹpẹtẹ, àwọn irin yẹn ti tì í kúrò lára alàjà. Irú alàjà yìí lè fara da ìlọ́po 1.5 sí 4 ohun tí odidi ń fara dà.

Ní Lawrence Livermore, ilé ìwádìí kan ní Kalifọ́níà, wọ́n fi irú rẹ̀ gbé iná tó jẹ́ ìwọ̀n 100 mílíọ̀nù fọ́ọ̀tì fún mítà kọ̀ọ̀kan, fún nǹkan bí ìdá 3 nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ má fo ìdá 3 yẹn o, torí òun ni gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀: kí iná ti wá, kó sì ti lọ, kí eku tó gun òpó tán. Ohun tí wọ́n ń lé nígbà náà ni ẹ̀rọ tó ń mú pírótọ́ọ̀nù, èérún inú átọ́ọ̀mù, sáré fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ, tí kò ní gùn ju mítà 2 lọ, tí yóò sì wọ yàrá ilé ìwòsàn lásán.

A ò sì ní láti lọ sí Kalifọ́níà kí a tó rí ẹbí rẹ̀. Ní Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀rọ amú-èérún-sáré kan wà tí wọ́n ń pè ní Pelletron, tó lè gbé 1.7 mílíọ̀nù fọ́ọ̀tì. Òrùka tánńganran àti irin titanium ló wà lára páìpù tí èérún ń gbà sáré nínú rẹ̀, tí wọ́n tò tẹ̀léra. Pé ti Livermore kò pẹ́ rárá, pé ti Ifẹ̀ ń gbé fọ́ọ̀tì tirẹ̀ dúró fún wákàtí, ìyẹn ò ní kí wọ́n má jẹ́ ẹbí.

Ẹnì kan ti ní tí wọn ò bá fi àmì sí "alàjà", "alájá" ni àwọn èèyàn yóò kà á, wọn á ní ajá wo ló wà nínú ẹ̀rọ. Kí wọ́n fi àmì sí i.