Fífi omi gbé ooru jáde nínú kọ̀ǹpútà kékeré: bí a ṣe ń yan àwọn ohun èlò rẹ̀

Iṣẹ́ alábàárù ni omi ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà. Ó ń gba ooru lórí CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) àti lórí káàdì àwòrán, ó ń rù ú dé inú rédíétọ̀, ibẹ̀ ni fáànù sì ti ń fẹ́ ooru náà sínú afẹ́fẹ́ yàrá, gẹ́gẹ́ bí rédíétọ̀ ọkọ̀ ṣe ń ṣe. Bí rédíétọ̀ kò bá lè sọ ẹrù náà kalẹ̀ kíákíá, omi yóò kàn máa gbóná sí i ni. Agbára tó ń mú kí lítà omi kan gbóná sí i ní 1°C jẹ́ nǹkan bí joule 4,186. Ká ní omi tó wà nínú kọ̀ǹpútà kékeré kan jẹ́ mílílítà 300, tí àwọn ohun tó ń gbóná nínú rẹ̀ sì jọ ń tú ooru wáàtì 300 jáde. Bí kò bá sí rédíétọ̀ níbẹ̀, omi tó bẹ̀rẹ̀ ní 30°C yóò ti súnmọ́ 60°C kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé rédíétọ̀, àti àyè tí yóò gbà, ló yẹ kí a kọ́kọ́ yàn, kí a tó ronú kan pọ́ǹpù, rọ́bà tàbí àwọ̀ omi.

Nínú àpótí ńlá, àyè máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, àmọ́ ti àpótí kékeré kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo àpótí NCASE M1, èyí tí àwọn olólùfẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré mọ̀ dáadáa. Ìbú rẹ̀ jẹ́ 160 mm, gíga rẹ̀ 240 mm, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 328 mm, èyí tó jẹ́ nǹkan bí lítà 12.6. Máàdábọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ohun èlò ń so mọ́) oní ìwọ̀n mini-ITX tó ń wọ inú rẹ̀ jẹ́ 170 mm níbùú lóròó, ẹ̀gbẹ́ àpótí náà sì gba rédíétọ̀ 240 mm kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fi ìka àbámọ̀ bọnu nìyí, nítorí pé 240 tí wọ́n kọ sára rédíétọ̀ kì í ṣe gígùn rẹ̀. Fáànù 120 mm méjì tó ń jókòó sí i ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Rédíétọ̀ fúnra rẹ̀ sábà máa ń gùn ju 270 mm lọ, torí pé ó ní àyè níhìn-ín lọ́hùn-ún tí omi ń kó sí kí ó tó wọ inú àwọn ọ̀nà tóóró àárín. Lẹ́yìn èyí ni sísanra: rédíétọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ 30 mm pẹ̀lú fáànù 25 mm ti di 55 mm, RAM (pátákó ìrántí kọ̀ǹpútà), okùn iná àti búlọ́ọ̀kù omi orí CPU (irin tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá láti gba ooru) sì gbọ́dọ̀ rí àyè lábẹ́ wọn. Ọ̀nà tó dára jù lọ ni pé kí a gé páálí ní ìwọ̀n rédíétọ̀ àti fáànù, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, kí a gbé e sínú àpótí náà pẹ̀lú gbogbo okùn ní ipò wọn, kí a sì gbìyànjú láti pa ìlẹ̀kùn dé. Bí páálí náà bá wó, rédíétọ̀ kò ní wọlé.

Fáànù tẹ́ẹ́rẹ́ oní 15 mm wà lọ́jà, ó sì ń dá 10 mm padà fún àyè, àmọ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í lágbára tó láti la àárín àwọn pẹrẹsẹ irin tóóró inú rédíétọ̀ kọjá, ariwo rẹ̀ sì máa ń pọ̀ bí a bá sáré é. Nítorí náà, nínú àpótí báyìí, rédíétọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní fáànù tó sanra sàn ju rédíétọ̀ tó sanra tó ní fáànù tẹ́ẹ́rẹ́ lọ.

Lẹ́yìn tí a bá ti mọ ohun tí àyè gbà ni a ó ṣírò ooru. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń ka 120 mm rédíétọ̀ kọ̀ọ̀kan sí nǹkan bí wáàtì 100 bí wọn kò bá fẹ́ kí fáànù pariwo, èyí tó túmọ̀ sí pé rédíétọ̀ 240 mm kan yóò ru wáàtì 200 pẹ̀lú ìrọ̀rùn. CPU Ryzen 7 7800X3D jẹ́ wáàtì 120 nínú ìwé àwọn tó ṣe é, káàdì àwòrán RTX 4070 sì jẹ́ 200. Rédíétọ̀ kan yóò gbà wọ́n, bí a bá fara mọ́ ọn pé fáànù yóò sáré nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Ṣùgbọ́n CPU Core i9-14900K lè gba wáàtì 253, káàdì àwòrán RTX 4090 sì jẹ́ 450. Àpapọ̀ wọn ti kọjá 700, kò sì sí ọgbọ́n tí a lè fi kó o sórí rédíétọ̀ 240 mm kan ṣoṣo. Ibi tí kọ̀ǹpútà wà tún ṣe pàtàkì, torí omi kò lè tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ láéláé. Bí omi bá ń fi 15°C gbóná ju yàrá lọ, yóò jẹ́ 35°C nínú yàrá tó wà ní 20°C ní London, àmọ́ yóò di 47°C nínú yàrá tó wà ní 32°C ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù àti rọ́bà ni àwọn tó ṣe wọ́n sọ pé kí omi inú wọn má kọjá 60°C, nítorí náà ẹni tó wà níbi tí oòrùn ti mú gbọ́dọ̀ fi àlàfo sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Eruku ọyẹ́ náà tún ń dí àárín àwọn pẹrẹsẹ irin wọ̀nyẹn, débi pé rédíétọ̀ tó tó lóṣù Kẹwàá lè má tó mọ́ lóṣù Kìíní bí a kò bá fọ̀ ọ́.

Irin tí a fi ṣe nǹkan kọ̀ọ̀kan kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bàbà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ búlọ́ọ̀kù omi, wọ́n sì lè fi nickel bò ó. Idẹ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ohun ìsopọ̀. Bí alumíníọ́mù bá wà nínú omi kan náà pẹ̀lú bàbà, ìṣàn iná kékeré yóò máa lọ láàárín wọn, alumíníọ́mù yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀, ìdọ̀tí rẹ̀ yóò sì máa dí àwọn ojú tóóró inú búlọ́ọ̀kù. Ẹni tó bá fẹ́ yọ rédíétọ̀ lára ẹ̀rọ àṣetán tí wọ́n ti di omi sí láti iléeṣẹ́, kí ó fi dá owó sí, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé alumíníọ́mù ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Oògùn ìdènà ìpẹtà tí iléeṣẹ́ fi sínú omi wọn ló ń dáàbò bò wọ́n.

Pọ́ǹpù méjì ló gbajúmọ̀ jù: D5 àti DDC. D5 tóbi díẹ̀, ó sì máa ń dákẹ́ jù. DDC kéré, ó lágbára láti ti omi gba ibi tóóró kọjá, àmọ́ ara rẹ̀ máa ń gbóná, ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀. Nínú àpótí kékeré, DDC ni a sábà máa ń yàn, pàápàá irú èyí tí wọ́n ṣe mọ́ táǹkì omi tàbí mọ́ búlọ́ọ̀kù CPU, nítorí ó ń dín iye ibi ìsopọ̀ kù. Omi gbọ́dọ̀ máa ti inú táǹkì wọ inú pọ́ǹpù, torí omi yẹn náà ló ń jẹ́ kí ohun tó ń yí nínú rẹ̀ máa yọ̀. Bí ó bá yí lófo, ó lè bàjẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ìtòtẹ̀léra àwọn ohun èlò kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan. Bí lítà mẹ́ta bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan, wáàtì 300 kò lè mú kí omi tó ń jáde fi ju 1.5°C gbóná ju èyí tó ń wọlé lọ. Ọ̀nà tó kúrú jù ni kí a gbà.

Ní ti ohun ìsopọ̀, G1/4 ni ìwọ̀n ojú ihò tí gbogbo ayé ń lò, nítorí náà ọjà iléeṣẹ́ kan máa ń bá ti òmíràn mu. Rọ́bà 10/13 mm, ìyẹn èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ 10, tí ìta rẹ̀ jẹ́ 13, rọrùn láti gbà kọjá ibi tóóró ju 10/16 lọ, àmọ́ ó máa ń tètè ká bí a bá tẹ̀ ẹ́ jù. Páìpù líle lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n nínú àpótí tí a ó máa tú nígbà gbogbo, rọ́bà ló rọni lọ́rùn. Rọ́bà dúdú irú èyí tí wọ́n ń pè ní EPDM ló dára jù, torí èyí tó mọ́ gaara máa ń di bàìbàì bó bá pẹ́. Bí ohun kan bá jẹ́ ike akirílíìkì, ẹ má ṣe fi ọtí ìnuǹkan nù ún rárá, nítorí yóò sán.

Omi tí a ó lò ni omi tí a sè tí a sì gba oru rẹ̀ tó tún di omi, pẹ̀lú oògùn ìpẹtà àti oògùn èéhù, tàbí omi àpòpọ̀ tí wọ́n ń tà fún un. Omi ẹ̀rọ àti omi kànga ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú. Kí a tó da omi sí i, a ó fi omi gbígbóná ṣan inú rédíétọ̀ tuntun, a ó sì máa mì í títí tí èyí tó ń jáde kò fi ní ìdọ̀tí mọ́. Nígbà tí a bá ń dán an wò, pọ́ǹpù nìkan ni iná gbọ́dọ̀ dé: ike kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ ẹnu okùn 24-pin (okùn ńlá tó ń gbé iná láti ẹ̀rọ iná lọ sí máàdábọ́ọ̀dù), tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ iná tan láì so ó mọ́ máàdábọ́ọ̀dù. Ẹ tẹ́ bébà ìnuwọ́ funfun sábẹ́ ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé àpótí náà ṣẹ̀gẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kí afẹ́fẹ́ tó há sínú rédíétọ̀ lè bọ́ sínú táǹkì, kí ẹ sì máa bu omi kún un bí ó ti ń lọ sílẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ kejì tí bébà náà gbẹ láìní àmì kankan, ẹ lè so ìyókù iná.