Ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà

Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń kọ́kọ́ bi mí nípa ẹ̀sìn àwọn Maya àtijọ́, àwọn èèyàn gúúsù Mexico, Guatemala àti agbègbè wọn, ni pé, "Òrìṣà wo ni wọ́n ń bọ?" Mo máa ń ní kí wọ́n fi òrìṣà sílẹ̀ ná, ká jọ ka ọjọ́. Nínú èdè wọn, k'in ni wọ́n ń pe oòrùn, òun náà ni wọ́n ń pe ọjọ́, òun náà ni àkókò.

Ogún-ogún ni wọ́n ń ka nǹkan bíi tiwa: ogójì wa, ogún méjì ni, ọgọ́ta, ogún mẹ́ta. Ìyẹn kò sọ wá di ọmọ ìyá o, ìka ọwọ́ àti tẹsẹ̀ la jọ ní. Àwọn K'iche', ẹ̀yà Maya kan ní Guatemala, tilẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "ènìyàn" pe ogún.

Ogún ni orúkọ ọjọ́ wọn, nọ́ńbà mẹ́tàlá ló sì ń bá a rìn. Ó di ẹ̀yìn ọjọ́ 260 kí orúkọ kan àti nọ́ńbà rẹ̀ tó tún pàdé. Kàlẹ́ńdà ẹ̀sìn nìyẹn. Èkejì jẹ́ ọjọ́ 365: oṣù 18 tó jẹ́ ogúnjọ́-ogúnjọ́, àti ọjọ́ márùn-ún tó ṣẹ́ kù, Wayeb', tí ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà wọ́n. Ọdún 52 ni kàlẹ́ńdà méjèèjì fi ń yípo kí wọ́n tó padà síbi tí wọ́n ti jọ gbéra.

Lójú wọn, ẹ̀dá alààyè ni ọjọ́, ó ní ìwà, ó ní ẹrù. Lára òpó òkúta kan ní Copán, ní Honduras, wọ́n gbẹ́ àwọn òrìṣà tó gbé àkókò pọ̀n, tí okùn ẹrù gba iwájú orí wọn bíi ti alárù. Ẹ wá rántí ariwo 21 Oṣù Kejìlá 2012, pé ayé ń parẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìgbà 13, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ 144,000, pé láti ọdún 3114 ṣáájú ìbí Kristi. Alárù kan sọ ẹrù kalẹ̀, òmíràn gbé tirẹ̀. Àkọlé kan ní Palenque, ìlú Maya àtijọ́ ní Mexico, ti ka ọjọ́ dé ọdún 4772!

Àwọn K'iche' ní amọ̀ ni àwọn òrìṣà kọ́kọ́ fi mọ ènìyàn, ó yòrò. Wọ́n fi igi gbẹ́ ẹ, kò rántí ẹni tó dá a, wọ́n pa á run. Àgbàdo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbà. Gbèsè ìrántí yìí ni ẹbọ ń san. Ní Yaxchilán, ìlú Maya mìíràn ní Mexico, òkúta kan fi ayaba wọn, Ìyáàfin K'abal Xook, hàn ní ọdún 709, ó ń fa okùn ẹlẹ́gùn-ún gba inú ahọ́n rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí ìwé. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù lè lọ wò ó ní British Museum. Ẹ̀jẹ̀ nìkan làwọn èèyàn sì máa ń fẹ́ gbọ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń fi oúnjẹ àgbàdo rúbọ, wọ́n sì ń sun pom, oje igi olóòórùn dídùn.

Ẹ má sáré pe Chaak ní Ṣàngó torí pé òun náà ń gbé àáké. Òjò ni tirẹ̀, mẹ́rin sì ni: pupa ní ìlà-oòrùn, funfun ní àríwá, dúdú ní ìwọ̀-oòrùn, yẹ́lò ní gúúsù. Àárín gbùngbùn ni igi wọn dúró sí, àràbà yìí gan-an tí ẹ mọ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ wọ Xibalba, ìlú àwọn olúwa ikú. Ẹ̀ka rẹ̀ kan ọ̀run.

Ní 1562, àlùfáà Àgùdà kan, Diego de Landa, dáná sun ìwé wọn ní Maní, ní Mexico. Mẹ́rin péré la mọ̀ pé ó ṣẹ́ kù. Kíka ọjọ́ kò dúró. Ní Momostenango, ní orí òkè Guatemala, bí ọjọ́ 8 B'atz' bá ti pé, wọ́n ṣì ń gba ajq'ij tuntun, àwọn tó ń ka ọjọ́. Bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ lọ bá wọn, wọ́n á da kóró pupa tz'ite' sílẹ̀, wọ́n á pín in sọ́wọ̀ọ́, wọ́n á máa pe orúkọ ọjọ́ lé e lórí níkọ̀ọ̀kan títí èsì á fi jáde.