Àpéjọ Olólùfẹ́ Ọkọ̀ Oníná, àti Ohun Tó Yẹ Ká Bèèrè Níbẹ̀

Bí ilé iṣẹ́ mọ́tò bá fẹ́ tajà, ó máa polówó. Àpéjọ olólùfẹ́ ọkọ̀ oníná yàtọ̀ sí ìyẹn. Àwọn tó ti fowó ara wọn ra ọkọ̀ tó ń lo bátìrì dípò epo, tí wọ́n ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé, ló máa ń kó o jáde sí gbangba kí ará ìlú wá jókòó sínú rẹ̀, kí wọ́n sì bèèrè ohun tó bá wù wọ́n. Ẹni tó ń dáhùn kò ní èrè kankan níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń wọlé.

Àṣà náà ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1967 ni wọ́n dá Electric Auto Association, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ oníná, sílẹ̀ ní Kalifọ́níà. Ní 2011, ẹgbẹ́ náà àti ẹgbẹ́ méjì mìíràn, Plug In America àti Sierra Club, jọ bẹ̀rẹ̀ National Plug In Day, ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú àpéjọ yìí, èyí tó wá di National Drive Electric Week.

Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ náà níbi àpéjọ máa rí i pé tóun bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí túrótù níbi ìsọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ á fúnra rẹ̀ dẹwọ́ eré. Ẹ̀rọ oníná tó ń yí táyà ti di jẹnẹrétọ̀ nìyẹn, ó ń dá díẹ̀ padà sínú bátìrì nínú iná tó ti jẹ. Ẹni tó mọ àwọn òkè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà á tètè mọyì èyí.

Ìbéèrè tó máa ń pọ̀ jù ni pé, ṣé á gbé mi débẹ̀? Yúnìtì tí ẹ ń rà sórí mítà ilé yín, òun náà ni wọ́n fi ń wọn bátìrì ọkọ̀. Bátìrì ọkọ̀ oníná Nissan Leaf àkọ́kọ́, tó dé ọjà ní ìparí 2010, ń gba yúnìtì 24, ìjọba Amẹ́ríkà sì wọ̀n ọ́n pé á rin nǹkan bí 117 km. Nǹkan bí 5 km nìyẹn fún yúnìtì kan. Láti Ifẹ̀ dé Iléṣà, tó tó nǹkan bí 30 km, ẹ ṣírò rẹ̀ sí yúnìtì 6. Ẹ fi 1 kún un fún èyí tó ń ṣòfò nígbà tí ẹ bá ń cháàjì. Ẹ wo iye tí wọ́n ń ta yúnìtì kan lórí rìsíìtì yín, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 7, kẹ́ ẹ fi wé owó epo yín.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lásán, tí iná bá wà fún wákàtí 6 lóru, lè fún ọkọ̀ náà ní iná tó máa fi rin nǹkan bí 60 km. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń fà lókùn kò lè ṣe é, olólùfẹ́ tòótọ́ kò sì gbọdọ̀ fi ìyẹn pa mọ́.

Ẹ bèèrè nípa ooru náà. Ní 2012, àwọn tó ní Leaf ní Arizona ló figbe ta pé ooru ń jẹ bátìrì àwọn, nígbà tó yá ilé iṣẹ́ Nissan ṣe bátìrì tó gba ooru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwa tí a ń ra tòkunbọ̀ ló kàn jù. Ìlà wínníwínní 12 wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù Leaf tó ń sọ bí ara bátìrì ṣe le tó, ó yàtọ̀ sí èyí tó ń sọ iye iná tó kù. Bí 12 náà kò bá pé, bátìrì ti ń gbó, kódà kó jẹ́ pé wọ́n ti cháàjì rẹ̀ kún. Ẹni tó ní irú ọkọ̀ náà ló máa na ìka sí i fún yín.

Bí ẹnikẹ́ni bá máa ṣe irú àpéjọ yìí ní Ifẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, kó má parí sínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹ gbé e wá sí Lágéré, kẹ́ ẹ pe àwọn mẹkáníìkì, rewáyà àti ọlọ́kadà. Àwọn ni gbogbo wa máa sáré tọ̀ lọ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá kọṣẹ́. Iná 12 volt ló mọ́ rewáyà lára. Wáyà ńlá aláwọ̀ ọsàn tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ oníná lè gbé ohun tó lé ní 300 volt, ó sì lè pààyàn. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n kọ́ wọn níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń já iná bátìrì náà kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun.