Ìlà equaliser àti ìrísí asẹ́ ohùn

Equaliser jẹ́ irinṣẹ́ inú ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn oníṣẹ́ ohùn fi ń po orin pọ̀. Òun ni wọ́n fi ń gbé apá kan ohùn sókè tàbí kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìlà tó máa ń hàn lójú rẹ̀ ni a ń kà láti òsì sí ọ̀tún fún ìṣeléraléra, ìyẹn iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, láti 20 Hz títí dé 20,000 Hz, a sì ń kà á láti ìsàlẹ̀ sókè fún ìwọ̀n ìró ní dB (decibel, òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe lágbára tó). Níbi tí ìlà bá ti tẹ́ ní 0 dB, ohùn ń jáde bó ṣe wọlé.

Asẹ́ high-pass ń sẹ́ ìró ìsàlẹ̀ kúrò, low-pass sì ń sẹ́ ti òkè. Nọ́ńbà tí a yàn fún wọn ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Bí a bá fi high-pass sí 80 Hz, ohun tó wà lábẹ́ 80 Hz kò tíì pòórá. Nínú irú asẹ́ tí Stephen Butterworth, onímọ̀ físíìsì ará Britain, ṣàlàyé ní 1930, ohùn ti fi 3 dB lọ sílẹ̀ ní 80 Hz gan-an. Bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìlà náà bá sì jẹ́ 12 dB fún octave kọ̀ọ̀kan (ìyẹn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ìṣeléraléra bá di ìlàjì tàbí ìlọ́po méjì), yóò ti lọ sílẹ̀ tó nǹkan bí 12 dB ní 40 Hz, àti 24 dB ní 20 Hz. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí ṣe pàtàkì tó nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀.

Ìlà shelf ga sókè tàbí kó lọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó tẹ́ bíi pẹpẹ. Ti bell yọ lójú kan bí agogo, Q ló sì ń sọ bó ṣe fẹ̀ tó: bí àárín rẹ̀ bá jẹ́ 1,000 Hz, tí ó fẹ̀ tó 500 Hz, Q jẹ́ 2. Bí Q bá ṣe ń pọ̀ sí i ni agogo náà ń tín-ín-rín. Ní 1972 ni George Massenburg, oníṣẹ́ ohùn ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé kalẹ̀ lórí equaliser parametric, tí a ti lè yí àárín, ìwọ̀n àti Q lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Notch dà bí kòtò tóóró. Òun ló yẹ fún ariwo iná mànàmáná tó ń kùn, ní 50 Hz ní Nàìjíríà, nígbà mìíràn ní 100 Hz tàbí 150 Hz pẹ̀lú, àti ní 60 Hz ní Amẹ́ríkà.

Ìlà yìí kò fi ohun gbogbo hàn. Equaliser tó wọ́pọ̀ máa ń fa apá kan ohùn sẹ́yìn díẹ̀ ju apá mìíràn lọ. Irú tí wọ́n ń pè ní linear-phase kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ìró tín-ín-rín kan ṣáájú lílù ìlù, pàápàá níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá ti ga púpọ̀.