Bí àwọn ápù AI tó ń tún fótò ṣe ṣe ń ṣiṣẹ́, àti bí ẹni tí kì í ṣe dìsáìnà ṣe lè mú èyí tó bá iṣẹ́ ẹ̀ mu

Tẹ́ ẹ bá wọ Play Store lónìí tẹ́ ẹ ní kó wá ápù tó ń tún fótò ṣe fún yín, èyí tó máa jáde á pọ̀ débi pé ojú á dàrú, gbogbo wọn ló sì kọ AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá tí wọ́n fi kọ́ kọ̀ǹpútà, sí iwájú. Ẹni tó ń ta aṣọ lórí Instagram, ẹni tó fẹ́ ṣe pósítà ọjọ́ ìbí ọmọ ẹ̀, ẹni tí wọ́n ní kó lọ wá fótò bàbá tó ti kú jáde fún ìwé ètò ìsìnkú, ápù kan náà ni wọ́n máa ń júwe fún gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wọn ò jọra rárá. Torí ohun tí wọ́n ń pè ní AI nínú àwọn ápù yìí, iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú ẹ̀: ọ̀kan ń tún ohun tó ti wà nínú fótò ṣe, ìkejì ń gé e, ìkẹta ń ṣẹ̀dá ohun tí ò sí níbẹ̀ rí. Ẹni tó bá ti mọ èyí tóun nílò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ ápù wo ni kóun mú ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ti àkọ́kọ́ yá. Fótò orí fóònù, ẹyọ kéékèèké aláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì ló kóra jọ di i, nọ́ńbà mẹ́ta ló sì wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ti pupa, ti àwọ̀ ewé, ti búlùú. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tó ní òun á tún fótò ṣe fúnra òun, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ka àwọn nọ́ńbà yẹn, ó rí i pé oòrùn ti mọ́lẹ̀ jù lẹ́yìn, ojú ẹni tó dúró síwájú wá ṣókùnkùn, ó wá gbé nọ́ńbà ibi tó ṣókùnkùn sókè díẹ̀. Kò mú nǹkan kan wá láti ibòmíì. Snapseed máa ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, Google ló ni ín, ọdún 2012 ni wọ́n ra ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í tẹ orúkọ ara ẹ̀ sórí fótò yín. Ẹni tí ìṣòro ẹ̀ ò ju pé fótò dúdú jù tàbí pé ó wọ́ sápá kan, kò nílò jù báyìí lọ, kó má lọ sanwó kankan.

Ìkejì, ìyẹn gígé, òun làwọn oníṣòwò ń lò jù. Wọ́n ya bàtà sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wá fẹ́ kí ẹ̀yìn ẹ̀ funfun. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé wọ́n ti fi àìmọye fótò kọ́ kọ̀ǹpútà náà, fótò tí wọ́n ti fi ọwọ́ sàmì sí ibi tí èèyàn tàbí ọjà parí sí àti ibi tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá gbé ti yín fún un, á máa bi ara ẹ̀ lórí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan pé ṣé ara ọjà lèyí ni àbí ara ẹ̀yìn. Ìdáhùn ẹ̀ á di àwòrán dúdú òun funfun kan tẹ́ ẹ̀yin ò ní rí, ibi tó funfun á dúró, ibi tó dúdú á lọ, ibi tó jẹ́ eérú ni ibi tí ò ti dá a lójú. Ibi eérú yẹn gan-an ló máa ń bá iṣẹ́ jẹ́: etí irun tó tú, ìbòrí onínẹ́ẹ̀tì, ihò ihò ara léèsì tí ògiri ẹ̀yìn ń yọ nínú ẹ̀, etí gèlè tó ń dán tó sì tín-ín-rín. Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ápù kan dáa, ẹ má fi fótò ìgò omi dán an wò, gbogbo wọn ló máa gé ìgò omi. Ẹ fún un ní fótò obìnrin tó wé gèlè tó sì wọ léèsì, níwájú ògiri tí àwọ̀ ẹ̀ jọ ti aṣọ ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fẹ èsì ẹ̀ lójú kẹ́ ẹ wo etí ẹ̀ yípo. Ápù tó bá gé apá kan gèlè jù nù, tàbí tó fi ògiri sílẹ̀ nínú ihò léèsì, kò lè bá ẹni tó ń ta aṣọ ṣiṣẹ́.

Ẹni tó ń lo iPhone tó wá látọdún 2018 síbí lè máà wá ápù kankan fún gígé, torí látìgbà tí iOS 16, ìyẹn ètò tó ń darí iPhone, ti jáde ní 2022, tẹ́ ẹ bá tẹ ìka mọ́ ara ẹni tó wà nínú fótò pẹ́ díẹ̀, á yọ kúrò lára ẹ̀yìn, orí fóònù gan ló ti ń ṣe é. Àwọn tó kù á wá ápù tàbí sáìtì. remove.bg, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Austria ní 2018 tí Canva, ilé iṣẹ́ tó ni ápù dìsáìnì, sì rà ní 2021, máa ń gé e mọ́ gan-an, àmọ́ ẹ fojú sílẹ̀ síbí yìí: èyí tó ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ju píksẹ́lì 250,000 lọ, ìyẹn bíi 625 sí 400. Fún WhatsApp status, ó tó. Tẹ́ ẹ bá wá gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ fótò, fótò ínǹsì mẹ́fà sí mẹ́rin tó máa mọ́ kedere nílò 1800 sí 1200, ìyẹn ju mílíọ̀nù méjì lọ, èyí tẹ́ ẹ gbé wá yẹn á kàn wú bátabàta lórí pépà ni. Bọ́tìnnì tó ń yọ ẹ̀yìn fótò nínú Canva, àwọn tó ń sanwó Pro ni wọ́n ṣe é fún. Nǹkan kan tún wà tó máa ń dá àwọn èèyàn láàmú tí wọ́n á rò pé ápù ló bàjẹ́: wọ́n á yọ ẹ̀yìn fótò tán, wọ́n á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀yìn á tún padà di funfun tàbí dúdú. Ápù ò ṣe nǹkan kan. Irú fáìlì fótò tó ń jẹ́ PNG ló lè gbé ibi tó ṣófo dání, èyí tó ń jẹ́ JPG ò lè gbé e, WhatsApp sì máa ń sọ fótò di JPG tó kéré tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fótò lásán. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document, bó ṣe wà náà ló máa dé.

Ìkẹta ló ń da gbogbo ayé láàmú báyìí, òun náà ló sì gba ìṣọ́ra jù. Ẹ fi ìka pa ọkùnrin tó ń kọjá lẹ́yìn yín nínú fótò rẹ́, ó lọ, ògiri tó wà lẹ́yìn ẹ̀ wá hàn. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà yín ò ya ògiri yẹn rí, ọkùnrin yẹn ló bò ó, níbo wá ni ògiri ti wá? Láyé ìgbà tí Photoshop, ètò tí ilé iṣẹ́ Adobe ṣe fún títún fótò ṣe, kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀ jáde ní 2010, ara ibi tó yí i ká nínú fótò kan náà ló ti máa ń ṣà á, bíi télọ̀ tó gé ìtẹ́lẹ̀ aṣọ kó fi lẹ ibi tó ya. Ti ìsinsìnyí yàtọ̀. Èyí tí Adobe fi sínú Photoshop ní May 2023, àti èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ápù tẹ́ ẹ̀ ń rí báyìí, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ni pé wọ́n kó fótò tó pọ̀ kọjá òǹkà, wọ́n ń da ariwo píksẹ́lì, ìyẹn àwọn ẹyọ aláwọ̀ tó dàrú láìlétò, lé e lórí díẹ̀díẹ̀ títí fótò ò fi hàn mọ́, wọ́n wá ń kọ́ kọ̀ǹpútà bó ṣe máa nu ariwo yẹn kúrò padà. Nígbà tó mọ̀ ọ́n nù tán, tẹ́ ẹ bá sàmì sí ibì kan nínú fótò yín, ariwo lásán ló máa kọ́kọ́ dà síbẹ̀, á wá máa nù ún títí nǹkan tó bá àyíká ẹ̀ mu á fi jáde. Ohun tó jáde yẹn, àbá ni. Ohun tó sábà máa ń wà nírú ibẹ̀ nínú fótò àwọn ẹlòmíì ló fi síbẹ̀, kò mọ ohun tó wà níbẹ̀ gan-an.

Tó bá jẹ́ ọ̀rá nylon tó wà nílẹ̀, tàbí wáyà iná tó kọjá lókè orí ìyàwó, àbá yẹn ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ẹ pa á rẹ́. Magic Eraser ti Google, tó bá fóònù Pixel 6 jáde ní 2021, irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe é fún, látọdún 2024 sì ni wọ́n ti ṣí i lọ́fẹ̀ẹ́ fáwọn tí ò ní Pixel nínú Google Photos, kò sóhun tó burú kéèyàn bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ kó tó ra nǹkan kan. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọjà lẹ̀ ń tà, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan ọjà náà. Tẹ́ ẹ bá ní kí AI tan àdìrẹ yín mọ́lẹ̀ tàbí kó gbé e wọ mọ́dẹ́ẹ̀lì, ó lè tún ọnà ara ẹ̀ yà láti ìbẹ̀rẹ̀, á rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ tó wà lọ́wọ́ yín mọ́, oníbàárà tó sanwó látọ̀nà jíjìn á gba nǹkan míì, ẹjọ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé aṣọ jáde, ẹ pààrọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ fi aṣọ fúnra ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ ojú èèyàn wá le ju ti aṣọ lọ. Àwọn ápù bíi Remini máa ń gba fótò àtijọ́ tó ti ṣú, wọ́n á dá a padà bí ẹni pé àná ni wọ́n yà á, ẹni tó bá rí ojú ìyá ẹ̀ àgbà tó mọ́ bẹ́ẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́ lè sunkún. Ṣùgbọ́n tí ojú ò bá ju píksẹ́lì díẹ̀ lọ nínú fótò tẹ́ ẹ fún un, kò síbi tó ti lè rí bí ojú yẹn ṣe rí gan-an, ojú tó ti kọ́ níbòmíì ló máa fi dí àlàfo. Ní 2020, àwọn olùwádìí kan ní Duke University l'Amẹ́ríkà gbé irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ PULSE jáde, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó gba fótò ojú tó ti di bátabàta kó gbé ojú tó mọ́ kedere jáde. Wọ́n fi fótò Barack Obama sí i, ojú òyìnbó ló gbé jáde. Ẹni táyé mọ̀ bí ẹni mowó nìyẹn o, ká má tíì sọ bàbá yín tó jẹ́ pé fótò kan ṣoṣo ló yà láyé ẹ̀.

Ara ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò nìyí kẹ́ ẹ tó gbé fótò àgbà tó ti lọ fún ápù. Ẹ wo ilà ojú ẹ̀. Ápù tí wọ́n kọ́ láti máa nu ibi tó họ, àpá àti ìhunjọ kúrò lára fótò tó ti gbó lè ka pélé tàbí àbàjà sí àpá ara pépà, kó nù ún dànù, ẹni tó ti kú á wá di ẹni tí ò kọlà rí. Ẹ wo àwọ̀ ẹ̀ bóyá ó ti pupa ju bó ṣe rí lọ, ẹ wo imú, ẹ wo àlàfo eyín tí gbogbo ẹbí mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ gbé èsì yẹn fún àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n dáadáa láìsọ fún un pé AI ló ṣe é, tó bá ní "ó jọ ọ́ o", kò tíì tó, tó bá ní "òun nìyẹn", ẹ lè lò ó. Àwọn ápù kan ní ibi téèyàn ti lè dín agbára ẹ̀ kù, tàbí kó ṣe ara aṣọ àti ẹ̀yìn nìkan kó fi ojú sílẹ̀. Fún fótò òkú, irú ápù bẹ́ẹ̀ ló yẹ kéèyàn mú, kódà tí ti ẹlòmíì bá ń dán jù ú lọ. Kẹ́ ẹ sì tọ́jú ojúlówó fótò náà síbòmíì, torí ẹ̀dà tí AI tún ṣe ló máa ń tàn kálẹ̀ nínú WhatsApp ẹbí, lẹ́yìn ọdún mélòó kan kò ní sẹ́ni tó máa rántí èwo ni ti òótọ́.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ń ṣẹlẹ̀ tún ṣe pàtàkì. Àwọn kan ń ṣe é lórí fóònù yín, àwọn kan ń kó fótò lọ sórí kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́ wọn lókèèrè, wọ́n ṣe é níbẹ̀, wọ́n wá dá a padà, ìyẹn á jẹ dátà, fótò yín á sì ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀ ni pé kẹ́ ẹ pa dátà àti Wi-Fi, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ wò, tó bá ṣiṣẹ́, orí fóònù ló wà. Photopea tó dà bíi Photoshop tẹ́ ẹ lè lò lọ́fẹ̀ẹ́ nínú bíráúsà, orí ẹ̀rọ yín náà ló ti máa ń ṣí fáìlì. Fótò ọmọdé, fótò ìwé ìdánimọ̀, fótò ara, ẹ má gbé e fún ápù tẹ́ ẹ ò mọ ẹni tó ni ín. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ilé iṣẹ́ pa dátà yín rẹ́, àmọ́ ó rọrùn kéèyàn má fún wọn ju kó máa sáré gbà á padà.

Ti owó ò gùn. Tí ápù bá ní ọjọ́ mélòó kan lọ́fẹ̀ẹ́ tó sì gba nọ́ńbà káàdì yín, pípa ápù rẹ́ kúrò lórí fóònù ò dá owó yíyọ dúró, inú Play Store tàbí App Store níbi subscriptions lẹ ti máa fagi lé e. Ẹni tó nílò ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù ò gbọ́dọ̀ sanwó ọdún kan.

Tó bá jẹ́ pósítà lẹ fẹ́ ṣe, ẹ má jẹ́ kí AI kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú àwòrán fún yín. Ó ń ya lẹ́tà bó ṣe ń ya ewé ni, àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ máa ń sọnù tàbí kó lọ bọ́ sí abẹ́ lẹ́tà tí kì í ṣe tiẹ̀, ti ohùn ò tún ṣeé sọ. Ẹ fi bọ́tìnnì text kọ ọ́ fúnra yín, kẹ́ ẹ sì mú fọ́ǹtì tó ní àmì wa, Noto Sans ní i, ẹ tẹ "ẹ̀" àti "ọ́" wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ dìsáìnì.

Fótò páásípọ́ọ̀tù àti físà, ẹ má gbé e sún mọ́ ìkankan nínú àwọn ápù yìí. Ìjọba Britain ò gba fótò páásípọ́ọ̀tù tí wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà tún ṣe, Amẹ́ríkà náà ò gba èyí tí wọ́n fi ápù, fíltà tàbí AI fọwọ́ kàn. Ibi ògiri funfun tí ìmọ́lẹ̀ wà ni kẹ́ ẹ lọ dúró sí, kí wọ́n yà á bó ṣe yẹ kó rí látìbẹ̀rẹ̀.