Ẹ má ju nẹ́gátíìfù rélùwéè nù

Bí ẹ bá ní fọ́tò bàbá yín níbi tó ti dúró ti ọkọ̀ ojú irin eléèédú, tí ara ọkọ̀ náà dúdú kirikiri, tí ojú bàbá gan-an kò sì hàn dáadáa, ẹ má tíì sọ pé fọ́tò ti bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wá nẹ́gátíìfù rẹ̀, ìyẹn fíìmù tí wọ́n fi yà á, tí wọ́n ti tẹ fọ́tò náà sórí bébà. Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, títún fọ́tò àtijọ́ ṣe sì wà lára rẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá gbé álíbọ́ọ̀mù wá, tí wọ́n sì ní àwọn ti da nẹ́gátíìfù sórí ààtàn.

Ojú irin àtijọ́ kò kan Ìjẹ̀bú, kò kan Rẹ́mọ. Èyí tó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Ìfọ̀ àti Abẹ́òkúta kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, fọ́tò wọn sì wà nílé wa títí dòní.

Ọkọ̀ eléèédú ṣòro yà. Irin dúdú tó ń dán fún òróró, ìkùukùu funfun tó ń tú jáde, oòrùn lórí méjèèjì. Ẹni tó bá ti ya Ojúde Ọba rí mọ wàhálà yìí: ẹṣin dúdú, agbádá funfun, ọ̀sán gangan. Bí ẹ bá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé tó fún dúdú, funfun á di bàláú lórí bébà. Bí ẹ bá dín in kù nítorí funfun, dúdú á di òkùnkùn. Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ a máa fún dúdú ní ìmọ́lẹ̀ tó tó, torí pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá dé rárá lórí fíìmù, òfìfo ni. Kò sí ẹni tó lè rí nǹkan fà yọ níbẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ ṣì ní nǹkan nínú, ó kàn ki ni. Bébà ni kò lè gbé gbogbo rẹ̀. Nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò sórí bébà, ẹni tó mọṣẹ́ á máa fi ọwọ́ ṣíji bo apá kan kó má baà dúdú jù, á sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pẹ́ lórí apá kejì. Ẹni tó ń kánjú kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ojú bàbá tí ẹ kò rí lórí bébà lè wà nínú nẹ́gátíìfù láìyingin.

Ìkùukùu yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀. Èédú ló ń mú èéfín dúdú wá, pàápàá bí wọ́n bá dà á síná lọ́pọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò tó. Èyí tó funfun, omi tó hó ni, tó ti písítìnnì, irin tó ń mú ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí, tán kó tó gba ihò èéfín jáde. Bó bá pàdé afẹ́fẹ́ tútù ló ń di ẹ̀kán wẹ́wẹ́ tí ojú lè rí. Bí òtútù bá ṣe mú tó ló ṣe ń nípọn tó. Lójú irin Jítong ní Inner Mongolia, nílẹ̀ Ṣáínà, níbi tí ọkọ̀ eléèédú ti ń fa ẹrù títí di ìparí 2005, ìgbà òtútù líle ni àwọn ayàwòrán ń rọ́ lọ síbẹ̀. Nílẹ̀ wa níbí, ooru ọ̀sán á gbé ìkùukùu mì kíá. Bí ẹ bá rí fọ́tò rélùwéè wa tí ìkùukùu rẹ̀ ki, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé òwúrọ̀ ni wọ́n yà á, nígbà ọyẹ́.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wú mi lórí jù ni O. Winston Link, ará Amẹ́ríkà, tó ya ọkọ̀ eléèédú iléeṣẹ́ rélùwéè Norfolk and Western láti 1955 sí 1960, nígbà tí dísẹ́ẹ̀lì ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Òru ló sábà máa ń yà wọ́n, torí kò sẹ́ni tó lè sún oòrùn síbi tó wù ú. Á to gílóòbù fílááṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, á so wọ́n mọ́ wáyà, kí gbogbo wọn lè bù yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan náà bí ọkọ̀ bá dé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni gílóòbù ọ̀hún ń tàn. Bí wáyà bá já, ọkọ̀ ti kọjá nìyẹn. Ní 1956, ó ya ọkọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sinimá ìta gbangba tí àwọn èèyàn jókòó sínú mọ́tò wò. Fílááṣì pa àwòrán ojú sinimá rẹ́. Inú nẹ́gátíìfù mìíràn ló ti mú ọkọ̀ òfurufú tó wà lójú sinimá náà padà.

Ó tún máa ń ya àwọn tó ń gbé lẹ́bàá ojú irin, ibẹ̀ ni mo ti gba tirẹ̀ jù. Ní 11 oṣù Kẹjọ 1968, tí rélùwéè ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ eléèédú kó èrò gbẹ̀yìn lójú irin ńlá, èrò tò bẹẹrẹ pẹ̀lú kámẹ́rà, imú ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn dojú kọ. Wọ́n ṣì tọ́jú díẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ọjọ́ náà dòní. Ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì da èédú síná ńkọ́? Fọ́tò bàbá yín ní ohun tí ọ̀pọ̀ fọ́tò wọ̀nyẹn kò ní: òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ṣí àpótí wò. Nẹ́gátíìfù tó bá ń rùn bíi fínígà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹra. Ẹ yà á kúrò lára àwọn yòókù kó má baà ràn wọ́n, kí ẹ sì tètè gbé e lọ fún ẹni tó ní síkánà tó lè gba nẹ́gátíìfù. Bó bá ti hu, ẹ má fi omi nù ún. Ẹ di etí rẹ̀ mú, kí ìka má kan ojú rẹ̀. Àpòòwé bébà ni kí ẹ kó wọn sí, nínú yàrá tó tutù tí kò lọ́rinrin. Ọ̀rá àti òkè àjà lábẹ́ páànù ló ń pa wọ́n. Bó bá jẹ́ fọ́tò nìkan ló kù, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ́bàá fèrèsé, kí ẹ pa fílááṣì fóònù, kí ẹ sì yà á láti òkè gan-an.

Àwọn àgbà tó ṣiṣẹ́ náà ń dín kù. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ ẹni tó wà nínú fọ́tò, ibùdókọ̀ tó jẹ́, àti nọ́ńbà ọkọ̀. Pẹ́ńsùlù rírọ̀ ni kí ẹ fi kọ èsì wọn sẹ́yìn fọ́tò. Bírò a máa tẹ ojú rẹ̀, yíǹkì rẹ̀ sì lè mu dé iwájú.